Ẹni Tí Yóò Lo Pọ́ǹpù Táyà Ni Kó Yàn Án, Ẹni Tó Ni Ọkọ̀ Ni Kó Sanwó Rẹ̀

  Gbogbo wa la ti rí ìwé tí àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ wa lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde lẹ́bàá géètì ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Fún àwọn tí kò ráyè kà á, a ó sọ ohun tó wà níbẹ̀ láì fepo bọyọ̀. Wọ́n ní láti ìparí oṣù yìí, gbogbo awakọ̀ tó ń wa ọkọ̀ kékeré àti bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ gba pọ́ǹpù táyà kọ̀ọ̀kan ní sítọ́ọ̀. Wọn yóò yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù awakọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà tó kẹ́yìn ló wá burú jù. Wọ́n ní nígbà tí awakọ̀ bá ti ní pọ́ǹpù lọ́wọ́, táyà èyíkéyìí tó bá bẹ́ lójú ọ̀nà, ọrùn awakọ̀ ni yóò wà.

A kò gbà. A sì fẹ́ kí ohun tí a kò gbà yé gbogbo ènìyàn dáadáa, nítorí àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri ọ́fíìsì pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò fẹ́ kí awakọ̀ ní pọ́ǹpù. Irọ́ ni. Pọ́ǹpù dára, àwa gan-an la kọ́kọ́ béèrè fún un. Ohun tí a kọ̀ ni kí ẹni tí kò jókòó sídìí ọkọ̀ ẹrù rí lọ ra ohun ìṣeré ọmọdé wá, kó fi dandan tà á fún ẹni tí yóò fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dán an wò, kó sì tún sọ ohun ìṣeré náà di ẹ̀rí tí yóò fi mú onítọ̀hún lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn wọ́kíṣọ́ọ̀bù ti dákẹ́ láti ìgbà òjò tó kọjá. Bẹ́líìtì rẹ̀ ló kọ́kọ́ já, wọ́n pààrọ̀ ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni àgbá tó ń kó afẹ́fẹ́ jọ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Àwọn mẹkáníìkì wa kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹta. Èsì tó wá ni pé kò sí owó rẹ̀ nínú ètò ìnáwó ọdún yìí. Láti ìgbà náà, awakọ̀ tó bá fẹ́ fi afẹ́fẹ́ sí táyà ilé iṣẹ́, owó àpò ara rẹ̀ ni yóò ná lọ́dọ̀ fọ́kánáísà. Bẹ́ẹ̀ sì ni agogo márùn-ún ìdájí ni àwọn ọkọ̀ tó ń kó ọjà wa lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ń jáde ní géètì. Fọ́kánáísà wo ló ti tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ní wákàtí yẹn?

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa, ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ fún ilé iṣẹ́ yìí fún ọdún mọ́kànlá, gbéra ní ìdájí ọjọ́ kan pẹ̀lú Toyota Corolla kan tí wọ́n di páálí ọjà kún búùtù àti ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ pé táyà ẹ̀yìn lápá òsì ń rọ̀. Wọ́n ní kó máa lọ, kó dúró fi afẹ́fẹ́ sí i bó bá rí fọ́kánáísà lójú ọ̀nà. Kò tíì dé Ogere lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí táyà náà fi bẹ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ọkọ̀ yí bìrí, ó lọ gbá irin ẹ̀gbẹ́ títì, apá ọ̀tún rẹ̀ sì ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wà nílé. Ọjọ́ tó padà dé ẹnu iṣẹ́, ìwé ẹ̀sùn ló bá: kó wá sọ ìdí tí wọn kò fi ní yọ owó táyà àti owó títún ara ọkọ̀ ṣe nínú owó oṣù rẹ̀. Àìnáání ni wọ́n pè é. Ọkùnrin tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé táyà ń rọ̀, òun ni aláìnáání. Ẹni tó ka ohun tó kọ, tó sì fọwọ́ sí i pé kí ọkọ̀ jáde, òun ni ọ̀gá.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí táyà ṣe ń bẹ́, nítorí àwọn kan láàrin wa gan-an gbà pé àmúwá Ọlọ́run lásán ni. Kì í ṣe rọ́bà ló ń gbé ẹrù ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rọ́bà ló ń gbé e. Táyà ọkọ̀ kékeré ń yí ní nǹkan bí ìgbà 500 nínú kìlómítà kan ṣoṣo. Ní gbogbo ìgbà tó bá yí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ká, á tún nà. Bí afẹ́fẹ́ bá pé, ìká yẹn kéré. Bí afẹ́fẹ́ bá dín, ìká náà á pọ̀, yóò sì di ooru, ooru náà ni yóò máa ya okùn àti wáyà inú táyà kúrò lára rọ́bà. Ẹ wá fi ẹrù tó pọ̀, oòrùn ọ̀sán àti eré kún un. Irú táyà bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ láti ẹnu géètì wa, Ogere kàn jẹ́ ibi tó parí sí ni.

Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kì í ṣe ohun tí à ń fojú wọ̀n. Táyà òde òní máa ń wú díẹ̀ nísàlẹ̀ bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tilẹ̀ pé, nítorí náà èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dín gan-an lè jọ èyí tó pé lójú ẹni. Ẹsẹ̀ tí àwa awakọ̀ fi máa ń gbá a láàárọ̀, bàtà nìkan ló ń bàjẹ́. Iye tó yẹ wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, lórí bébà kékeré tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ lẹ̀ síbẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, ẹ̀yìn ìdérí ẹnu táǹkì epo ló wà. PSI ni wọ́n fi ń kà á. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré wà láàrin 30 sí 35. Bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò lè béèrè ju 50 lọ ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nígbà tó bá kún. Níbi tí wọ́n bá kọ òǹkà méjì sí, èyí tó ga jù ni ti ẹrù kíkún, ẹrù kíkún sì ni àwa ń kó lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n ti kun ọ̀dà bo bébà náà. Ẹ wò ó nínú ìwé tó bá ọkọ̀ wá. Ẹ jọ̀ọ́, òǹkà tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ kì í ṣe iye tí a ó fi sí i o. Ìyẹn ni òpin ohun tí táyà lè fara dà.

Nígbà tí ìwé ìkéde yẹn jáde, a kò sáré pariwo. A lọ yá ọ̀kan nínú àwọn pọ́ǹpù náà ní sítọ́ọ̀, a gbé e lọ sẹ́yìn wọ́kíṣọ́ọ̀bù lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, níṣojú awakọ̀ mẹ́jọ, mẹkáníìkì méjì àti akọ̀wé ẹ̀ka wa. Páálí rẹ̀ dùn ún wò. Wọ́n kọ 150 PSI sí i gàdàgbà-gadagba. Ọ̀gá sítọ́ọ̀ tilẹ̀ fi ìka tọ́ ọ, ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, táyà tírélà gan-an kò gba tó bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ, táyà tírélà kì í sábà ju 120 lọ. Ṣùgbọ́n òǹkà yẹn ni ẹ̀tàn tó wà nínú ọjà yìí. Ohun tí 150 ń sọ kò ju bí pọ́ǹpù náà ṣe lè fi agbára ti afẹ́fẹ́ tó lọ. Kò sọ iye afẹ́fẹ́ tó lè gbé wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ológeere pàápàá lè dé 100. Ta ni nínú wa tí yóò gbé pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ sídìí táyà bọ́ọ̀sì ní ìdájí? Iye lítà afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí wọ́n kọ gàdàgbà. Ẹni tó bá sì kọ ọ́, ẹ tún bi í bóyá nígbà tí ẹnu rọ́bà ṣí sílẹ̀ lásán ni, àbí nígbà tí táyà ti dé 30. Bí táyà bá ṣe ń le sí i ni pọ́ǹpù kékeré ń rẹ̀wẹ̀sì sí i.

A jò táyà Corolla sílẹ̀ dé 20. Ojú òǹkà pọ́ǹpù náà sọ pé ó ti gbé e padà dé 33 ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìyẹn kò burú, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. A wá jò ó pátápátá, bí táyà tí ìṣó wọ̀ lóru. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, kò tíì dé 30, ara pọ́ǹpù sì ti gbóná débi pé a kò lè fọwọ́ kan ibi tí rọ́bà rẹ̀ ti wọlé. Ìwé tó wà nínú páálí fúnra rẹ̀ sọ pé kí a má ṣe lò ó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láì jẹ́ kó sinmi. Ta ló ka ìwé yẹn ní ọ́fíìsì kí wọ́n tó lọ kó o wá lọ́pọ̀? A jẹ́ kó sinmi. Ó kan bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó yẹ kó gba 55. Ó dé 41, ó ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù, ó sì dákẹ́. Kò tíì jí títí di òní. A ti dá a padà sí sítọ́ọ̀ pẹ̀lú ìwé, kí wọ́n má baà ní a jí i.

Ohun kan ṣì wà tó burú ju ikú rẹ̀ lọ. Kó tó kú, nígbà tí ojú òǹkà rẹ̀ ní Corolla ti pé 33, a fi gééjì ọwọ́ tí ọ̀gá fọ́kánáísà òdìkejì títì yá wa wọ̀n ọ́n. Ó jẹ́ 28. A wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, 28 náà ni. Awakọ̀ tó bá gba ohun tí pọ́ǹpù yẹn sọ gbọ́, táyà rírọ̀ ni yóò máa fi sáré ní márosẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹni tí kò ní pọ́ǹpù rárá yóò tilẹ̀ máa ṣọ́ra. Irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí pé awakọ̀ ló jẹ̀bi.

Irú èwo ló wá yẹ ká rà? Àwa awakọ̀ àti àwọn mẹkáníìkì ti jókòó lé e lórí, ẹni tó bá sì ní ọkọ̀ tirẹ̀ nílé lè fi ọ̀rọ̀ yìí ra tirẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni ibi tí pọ́ǹpù ti ń gba iná. Ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni wọ́n ti kọ́ wa pé bí a bá fi fóòtì sọ áńpíà di púpọ̀, wáàtì ni yóò fún wa. Bàtìrì ọkọ̀ kékeré jẹ́ fóòtì 12. Fíúsì ihò ìtanná sìgá nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́ áńpíà 10 sí 15. Ẹ ṣírò rẹ̀: pọ́ǹpù tó ń gba iná níbẹ̀ kò lè gbà ju wáàtì 120 sí 180 lọ kí fíúsì tó já. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ta pọ́ǹpù tó ní ó lágbára bí erin, tó sì ní inú ihò sìgá la ó ti máa lò ó, bọ̀rọ̀kìní ọ̀rọ̀ ló ń tà. Pọ́ǹpù tó lágbára lóòótọ́ ni èyí tó ní wáyà méjì tí ẹnu wọn dà bí ẹ̀mú, tí a fi ń gbá orí bàtìrì mú tààrà, pupa sí àmì ìròpọ̀, dúdú sí àmì ìyọkúrò. Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń lò ó kí bàtìrì má baà kú, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ní gbangba o, kì í ṣe nínú gáráàjì tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, èéfín ọkọ̀ ń pa ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ọkọ̀ ńlá tí iná rẹ̀ jẹ́ fóòtì 24, ẹ má gbé ti fóòtì 12 sún mọ́ ọn.

Àwọn ọ̀dọ́ inú wa fẹ́ràn èyí tó ní bàtìrì nínú, tí à ń cháàjì bíi fóònù. A kò bú u. Ó fúyẹ́, kò ní wáyà tí ń lọ́ mọ́ni lẹ́sẹ̀, ó sì ń dá ara rẹ̀ dúró bó bá dé iye tí a fẹ́. Ṣùgbọ́n ooru ni ọ̀tá irú bàtìrì bẹ́ẹ̀, ẹ sì mọ bí inú ọkọ̀ tí a ti gíláàsì rẹ̀ ṣe ń rí nínú oòrùn agogo méjì ọ̀sán. Èyí tí a bá gbàgbé sínú búùtù fún oṣù mẹ́ta lè ti sùn fọnfọn lọ́jọ́ tí a nílò rẹ̀, iná ilé tí a ó sì fi cháàjì rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń ṣe. Fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ lọ òde ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó dára. Fún iṣẹ́ agogo márùn-ún ìdájí, èyí tó ń mu iná bàtìrì ọkọ̀ la fọwọ́ sí.

Ẹ má sì fi pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ ṣẹ̀sín. Èyí tó ní àgbá méjì yóò gbé táyà ọkọ̀ kékeré dé ibi tó yẹ bí a bá fara balẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò béèrè iná, kò béèrè fíúsì, kò sì sí bàtìrì tó lè kú nínú rẹ̀. Òógùn nìkan ló ń gbà. Awakọ̀ àgbà kan nínú wa ti ní tirẹ̀ láti ìgbà tó ti ń wa dáńfó, awọ inú rẹ̀ nìkan ló ń pààrọ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké wà tí ẹni tí kò lò ó rí kò ní rò. Ẹ na wáyà àti rọ́bà pọ́ǹpù sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wò ó bóyá yóò kúrò nídìí bàtìrì níwájú dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n kó wá sí sítọ́ọ̀ wa kò dé e, àfi ká gba ojú fèrèsé. Ẹ wo ẹnu rẹ̀: èyí tí à ń yí bí ìdérí ìgò máa ń jò bí a bá ti ń yí i kúrò, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá yá yóò pàdánù díẹ̀ nínú ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Èyí tí à ń tẹ̀ létí kó di ẹnu táyà mú ló dára jù, bí irin rẹ̀ bá lágbára. Inú pọ́ǹpù níbi tí písítọ́ọ̀nù ti ń lọ tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irin, kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Òǹkà yòówù kó ní, kí gééjì ọwọ́ wà lọ́tọ̀. Gééjì kò wọ́n, òun sì ni ẹlẹ́rìí wa.

Òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni à ń wọn táyà. Bí ó bá ti sáré, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbóná, òǹkà á gòkè. A mọ awakọ̀ tó wọn tirẹ̀ ní Ṣàgámù lọ́sàn-án, tó rí 38, tó jò ó padà sí 32 nítorí ó rò pé ó ti pọ̀ jù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí táyà tutù, 27 ló wà níbẹ̀. Ooru gbígbóná kò túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ pọ̀. Ẹ fi sílẹ̀ kó tutù fún bíi wákàtí mẹ́ta kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Pọ́ǹpù kì í sọ òkú táyà di alààyè. Táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wú tàbí tó ti ya, tàbí tí wáyà ti yọjú nínú rẹ̀, bí ẹ bá fi pọ́ǹpù góòlù pọ́ǹpù rẹ̀, yóò bẹ́. Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà, òǹkà mẹ́rin ló kẹ́yìn: 3519 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 nínú ọdún 2019. Nígbà kan rí, ní Ìkẹjà níbí ni wọ́n ti ń ṣe táyà Dunlop, Michelin sì ń ṣe tirẹ̀ ní Port Harcourt. Michelin ti ilé iṣẹ́ náà ní 2007, Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Iṣẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wa lọ, táyà tòkunbọ̀ sì kún ẹ̀gbẹ́ títì, táyà tí àwọn ará ìlú òkèèrè ti lò tì. A kò tíì gbọ́ kí ilé iṣẹ́ wa sọ pé kò sí irú rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tiwọn. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ pọ́ǹpù fún awakọ̀, kí wọ́n jẹ́ ká jọ lọ ka DOT ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú àgbàlá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí ìjọba gbé jáde ní 1974 tó sì wà nínú ìwé òfin títí di òní, kò dákẹ́ lórí èyí. Abala 2 rẹ̀ sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi sínú àdéhùn iṣẹ́ ibi tí òṣìṣẹ́ yóò ti ná owó iṣẹ́ rẹ̀, tàbí ẹni tí yóò ná an fún. Kí wá ni ti sítọ́ọ̀ dandan? Abala 5 sọ pé kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó iṣẹ́ àfi ohun tí òfin fàyè gbà. Bó bá sì jẹ́ nítorí ohun ìní rẹ̀ tí òṣìṣẹ́ fi àmọ̀ọ́mọ̀ tàbí àìnáání bà jẹ́ ni, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ ní kíkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ aláṣẹ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì kì í ṣe àṣẹ ìjọba. Ẹ ṣọ́ra fún bébà kékeré tí wọ́n ń gbé kiri pé kí awakọ̀ fọwọ́ sí "fún àkọsílẹ̀ sítọ́ọ̀". Ẹni tó bá fọwọ́ sí i, ohun tó fọwọ́ sí ni pé kí wọ́n máa yọ owó òun.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ti wá bá wa, pàápàá àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ní ṣé nítorí pọ́ǹpù la ó ṣe bá ọ̀gá jà, nígbà tí owó oúnjẹ wà nílẹ̀. Ẹ̀yin ará, ta ló ń wa bọ́ọ̀sì tó ń gbé yín wá sẹ́nu iṣẹ́ ìdájí, tó sì ń gbé yín padà lálẹ́? Táyà ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì yẹn kan náà ni pọ́ǹpù sítọ́ọ̀ kú lé lórí. Ogójì ènìyàn kì í jókòó sórí ọ̀rọ̀ awakọ̀ nìkan.

A kò sì ní fi òtítọ́ bo àṣìṣe tiwa mọ́lẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kọ́kọ́ dákẹ́, ó yẹ kí àwa aṣojú òṣìṣẹ́ ti gbé e dé iwájú ìpàdé àpapọ̀ pẹ̀lú máníjà. A rò pé ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ni, a fi sílẹ̀, apá ènìyàn wa sì ṣẹ́. Àwọn awakọ̀ kan náà ní ẹjọ́ í rò: ilé iṣẹ́ ra pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, kò sí ẹni tó mọ ibi tí méjì nínú wọn wà. Máníjà yóò sọ ọ́ sí wa lójú, kò sì ní parọ́. Ohun tí a ó sọ fún un ni pé kí wọ́n fi òǹkà sára tuntun, kí awakọ̀ tó bá gbé ọkọ̀ jáde fọwọ́ sí i, kó sì dá a padà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe jáàkì àti sípánà, kò sì sí ẹni tó ní kí awakọ̀ ra jáàkì.

Ohun tí a ó gbé síwájú wọn nìyí. Kí wọ́n tún kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ṣe, kí fọ́kánáísà tàbí mẹkáníìkì kan sì wà níbẹ̀ láti agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Bọ́ọ̀sì kò ní ohun mìíràn tó lè tó o. Kí ọkọ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan ní pọ́ǹpù tó ń gbá bàtìrì mú àti gééjì ọwọ́, lórí owó ilé iṣẹ́, kí awakọ̀ méjì sì bá ẹni tí yóò rà á lọ sọ́jà. Kí ọkọ̀ tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ pé táyà rẹ̀ ń rọ̀ má jáde, ẹni yòówù kó ní kó jáde. Kí wọ́n fa ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n fún arákùnrin wa ya, kí wọ́n sì san gbogbo owó tí wọ́n bá ti yọ padà.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la ó wọlé bá máníjà. Ṣáájú rẹ̀, ní Ọjọ́rú, ní agogo méjì ààbọ̀ ọ̀sán nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òwúrọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀, kí gbogbo awakọ̀ pàdé ní gbọ̀ngàn ìjẹun. Kí ẹni tí wọ́n ti yọ owó táyà rẹ̀ rí mú ìwé owó oṣù ìgbà náà wá. Kí ẹni tó bá ti gba pọ́ǹpù sítọ́ọ̀ mú un wá pẹ̀lú páálí rẹ̀, kó má sì tíì fọwọ́ sí ohunkóhun. Ọ̀gá fọ́kánáísà òdìkejì títì ti ní òun yóò tún yá wa ní gééjì òun.